Wálé, Ẹ Wálé: Bí A Ṣe Dágbére fún Coliseum ní Oakland

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo ṣe bà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fi dandan mú wá síbí lọ́sàn-án Sátidé, mo mọ̀ pé fóònù yín wà lábẹ́ tábìlì. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ yá mi létí kan.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí, ohun tó fẹ́ kí n wá sọ ni bí èèyàn ṣe ń fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí mo bá jókòó láti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré ni bírò mi ń kọ. Ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti owó ìfẹ̀yìntì, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé. Kò gba ìṣẹ́jú kan: ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Pápá tí mo ń wí ni Coliseum tó wà ní Oakland, ní ìpínlẹ̀ California. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ni ẹgbẹ́ Athletics, tí gbogbo wa ń pè ní A's, gbá baseball ìkẹyìn níbẹ̀. Sáà 57 ni wọ́n lò nínú rẹ̀. Nílé wa, bọ́ọ̀lù onígi la máa ń pe baseball, torí bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe pè é, orúkọ tí bàbá bá sì sọ nǹkan nílé wa, ó ti jẹ́ ẹ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, "Torí pápá ìṣeré lo ṣe sunkún? Kọnkéré ni o!" Kọnkéré ni. Kọnkéré tí kò tilẹ̀ lẹ́wà ni. Ṣùgbọ́n erin ni àmì ẹgbẹ́ yẹn, a kì í sì í rí erin kó kọjá ká ní nǹkan kan ló kọjá fìrí. Ní ọdún 1902, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní Philadelphia, ọ̀gá ẹgbẹ́ mìíràn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín pé erin funfun lẹni tó náwó lé wọn lórí lọ rà. Lẹ́nu òyìnbó, erin funfun ni nǹkan tó ń jẹ owó tí kì í mú nǹkan kan wọlé. Àwọn náà ò bá a jà. Wọ́n gbé erin lé àyà aṣọ wọn. Èmi ò rí èébú nínú rẹ̀ rárá; ta ni Yorùbá tí wọ́n máa pè ní àjànàkú tí inú ẹ̀ ò ní dùn? Ohun tí mi ò fi ọkàn sí nígbà náà ni pé ẹran tó ń rìn ni erin. Ó kúrò ní Philadelphia lọ sí Kansas City lọ́dún 1955. Ó kúrò ní Kansas City dé Oakland lọ́dún 1968. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin BART la máa wọ̀. Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Coliseum, afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi wáyà ṣe ọgbà yí ká. Lọ́jọ́ ìdíje, ọjà ni afárá yẹn. Obìnrin Mẹ́síkò kan máa gbé agbada pẹlẹbẹ sórí kẹ̀kẹ́ ìtajà, á máa dín sọ́sééjì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wé pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata tútù, òórùn rẹ̀ á sì pàdé yín kí ẹ tó jáde nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń ta fìlà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta omi inú ike wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tí kò yẹ kó máa tà wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan sì wà tó máa ń ta gààrí oníṣúgà... ẹ má bínú, gúgúrú ni mo fẹ́ wí. Ẹ ò rí i pé ebi ń pa mí. Wọn ò tíì gbé oúnjẹ wá.

Tí ẹ bá dé òpin afárá, ẹ máa retí àtẹ̀gùn tó gòkè, bíi ti pápá yòókù. Rárá o. Wọ́n gbẹ́ pápá yẹn wọlẹ̀ ni. Ẹ máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ máa rìn nínú òkùnkùn kọnkéré bí ìṣẹ́jú kan, lójijì koríko á ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ yín, ó tutù yọ̀yọ̀, ó mọ́lẹ̀ ju ohun tó yẹ kí koríko mọ́lẹ̀ lọ. Mo ti rí i tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò sígbà tí kì í ṣe mí bákan.

Ọdún 1966 ni wọ́n ṣí i. Títí di ọdún 1995, tí ẹ bá jókòó lẹ́yìn ilé, ẹ máa rí àwọn òkè Oakland lọ́ọ̀ọ́kán, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á sì máa kùn wọ́n ní àwọ̀ oyin. Nígbà tí Raiders, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, padà dé láti Los Angeles, wọ́n kọ́ ìjókòó gàgàrà kan dí gbogbo òkè náà lójú. Àwọn aráàlú sọ ọ́ ní Mount Davis, torí Al Davis tó ni Raiders. Kì í ṣe oríkì o. Òkè tí Olúwa dá, wọ́n fi òkè kọnkéré bò ó.

Ilé náà sì ti gbó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, omi ìgbọ̀nsẹ̀ ru jáde wọ yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń múra. Àwọn A's àti àwọn àlejò tó wá bá wọn ṣeré láti Seattle jọ lọ wẹ̀ nínú yàrá kan náà tí Raiders ń lò, bí ará ilé tó ń pín balùwẹ̀ kan lò ní Mọ́kọ́lá. Gbogbo Amẹ́ríkà fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ọmọ ìyá ṣe ń rẹ́rìn-ín ọmọ ìyá rẹ̀ ni: tí ará ìta bá bá wa dá sí i, ìjà ni.

Ọdún 1987 ni mo dé Oakland láti Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ọdẹ òru ni mo kọ́kọ́ rí, nílé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá èbúté. Bàbá aláwọ̀ dúdú kan ni ọ̀gá wa, àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá láti Louisiana nígbà ogun àgbáyé kejì, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú Oakland, láti wá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Òun ló fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Mo lọ. Wákàtí mẹ́ta. Ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan di igi mú kò gbá a, wọ́n dúró, wọ́n tutọ́ sílẹ̀, wọ́n tún ju òmíràn. Mo bi ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì pé ìgbà wo ni eré ọ̀hún gan-an máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kò sí aago nínú eré yìí, ìdí nìyẹn tó fi dára fún ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò tíì bímọ nígbà náà. Mo kàn gbọ́ ọ ni.

Ọdún 1989 ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilé wa. Ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá, A's fẹ́ bá San Francisco Giants ṣe ìdíje kẹta nínú World Series, àṣekágbá ọdún, ní pápá Candlestick lódìkejì omi. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán nígbà yẹn, ojú ọ̀nà Cypress, afárá alájà méjì, ni mo sì máa ń gbà wálé láago márùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn mo tọrọ ààyè, mo tètè kúrò níbi iṣẹ́ kí n lè bá wọn nídìí tẹlifíṣọ̀n. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ilẹ̀ mì. Àjà òkè afárá Cypress wó lu tìsàlẹ̀. Èèyàn 42 ló kú lójú ọ̀nà yẹn nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà títí dòní pé iye àwọn òkú ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí kì í bá ṣe pé ọ̀kẹ́ àìmọye ti sáré wálé torí bọ́ọ̀lù. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn: èmi ni. Wọ́n sún ìdíje sí ọjọ́ mẹ́wàá, A's borí Giants pátápátá ní mẹ́rin sí òdo. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi ò bá mi jà lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń ráhùn, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, òun àti bọ́ọ̀lù onígi ló mọ ohun tí wọ́n jọ sọ."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e la bí Àjàní, àkọ́bí mi.

Ní ọdún 1998, bàbá mi wá kí wa. Ẹni àádọ́rin ọdún lé díẹ̀ ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ẹ̀gbá pọ́ńbélé, tí kì í jẹ oúnjẹ tí kò bá rí ibi tí wọ́n ti sè é. Oṣù méjì ló lò. A mú un lọ sí San Francisco, ó wo afárá Golden Gate, ó ní ó gùn. A mú un lọ sí ilé ìtajà ńlá, ó ní ẹrù pọ̀. Kò sóhun tó wú u lórí. Lọ́jọ́ kan Àjàní, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní kí Bàbá àgbà bá àwọn lọ wo Rickey.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Rickey Henderson, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé. Bésì mẹ́ta ló wà nínú bọ́ọ̀lù onígi, lẹ́yìn wọn ni ilé. Ẹni tó bá yí gbogbo wọn ká dé ilé ti gba ayò kan. Ẹni tó wà lórí bésì lè dúró kí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kó tó sáré. Ó sì lè sá nígbà tí ajùbọ́ọ̀lù ò fura. Jíjí bésì ni wọ́n ń pe èyí. Oakland ni Rickey dàgbà sí, ilé ìwé Oakland Tech ló lọ. Lọ́dún 1982 nìkan, ó jí bésì 130. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1991, nínú Coliseum yìí kan náà, ó jí ìkọkàn-dín-lógójì-lé-lẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀rún... ẹ jẹ́ kí n kà á bí wọ́n ṣe ń kà á lórí tẹlifíṣọ̀n: 939, ó sì kọjá gbogbo ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù yìí rí ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Ó fa bésì ọ̀hún tu nílẹ̀, ó gbé e sókè orí. Nígbà tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti di 1,406. Kò tíì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Ní 1998, Rickey ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. A jókòó sókè lápá òsì, níbi tí ìjókòó ti dínwó. Bàbá wọ agbádá àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó sì fi fìlà A's tí Àjàní rà fún un lé gọ̀bì tó ti dé tẹ́lẹ̀. Rickey dé bésì kìíní. Ó ń yọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ ń jó bí ẹni tó ń ta gìtá. Ajùbọ́ọ̀lù yíjú, ó padà. Ajùbọ́ọ̀lù gbójú kúrò, ó fò, ó fi àyà lélẹ̀, eruku sọ. Gbogbo pápá dìde.

Bàbá fà mí láṣọ. "Àkànní, kí ló dé tí bàbá yẹn fi sá?"

"Ó jí bésì ni, sà."

"Ó jí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lójú gbogbo àwọn èèyàn yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ wá ń pàtẹ́wọ́ fún olè." Ó wo Rickey tó ń gbọn eruku lára. "Ẹni ọdún mélòó ni?"

Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Bí olè bá ti tó ọjọ́ orí yẹn tí wọn ò tíì rí i mú, kì í ṣe olè mọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni."

Lọ́dún yẹn, oníṣẹ́ ọwọ́ ọ̀hún jí bésì 66. Kò sí ọ̀dọ́ kankan nínú líìgì wọn tó jí tó o.

Nígbà tó yá, Bàbá bèèrè aago wo ni eré máa parí. Mo ní kò ní aago, tó bá tán ló tán. Ó mi orí. Ó ní, "Á à, ìpàdé ẹbí ni." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá sí ìpàdé ẹbí, tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ń sọ ìtàn fún Àjàní. Ó sọ ìtàn bí òun ṣe fẹsẹ̀ rìn láti abúlé lọ dáhùn ìdánwò ní Aké. Ó sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ sógun Burma tí kò padà dé, èyí tí èmi gan-an ò gbọ́ rí láyé mi. Ìjókòó ike nínú Coliseum, láàárín abala karùn-ún sí ìkẹfà, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé mo ní bùọ̀dá bàbá kan tó sùn sí Burma.

Àwọn èrò á pariwo pé "Let's go, Oakland!", wọ́n á wá pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e: pá-pá, pá-pá-pá. Bàbá tẹ́tí sí i. Yorùbá ni, kò lè gbọ́ àtẹ́wọ́ tó ní ètò kó má wá ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ní, "Àjàní, ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí? Wálé, ẹ wálé." Ó fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀: wá-lé, ẹ-wá-lé. Rickey wà lórí bésì kẹta nígbà náà, ilé náà ló sì ń lọ lóòótọ́. Àjàní fò sókè. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìjókòó wa kì í pariwo ohun tí àwọn yòókù ń pariwo. Tiwa ni "Wálé! Ẹ wálé!" Obìnrin òyìnbó kan tó máa ń jókòó níwájú wa kọ́ ọ, ó ń pè é dáadáa ju àwọn ọmọ mi mìíràn lọ.

Bàbá padà sílé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú la máa ń pè é. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, á fi èékánná gbá ara fóònù ọ̀hún: kó-kó, kó-kó-kó. Àjàní á rẹ́rìn-ín, á fi tiẹ̀ dá a lóhùn. Mo rò pé eré bàbá àgbà àti ọmọ ọmọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi kan kí n tó tẹ̀ síwájú, torí tí mi ò bá sọ ọ́, Àjàní tó jókòó síwájú yìí máa sọ ọ́. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. A's ti borí nínú ìdíje 19 léra-léra. Bí wọ́n bá gba ti alẹ́ yẹn lọ́wọ́ Kansas City, 20 nìyẹn, tí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì wọn ò tíì ṣe rí nígbà náà. A jẹ́ 55,528 nínú pápá. Kò pẹ́ rárá, A's ti gba ayò 11, Kansas City ò ní nǹkan kan. Kansas City gba márùn-ún padà, ṣùgbọ́n ta ló ka ìyẹn sí? Ọjọ́rú ni, mo níṣẹ́ láàárọ̀, ọmọ níléèwé. Mo ní ó tó, a ti borí, ẹ jẹ́ ká lọ kí èrò tó pọ̀ nínú ọkọ̀. Àjàní bẹ̀ mí. Mo ní dìde.

Orí afárá la wà tí a gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti gbọ́ ariwo pápá rí, ẹ ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Kansas City ti sọ ọ́ di 11 sí 11. A dúró síbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lójijì ni kọnkéré lẹ́sẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Scott Hatteberg ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi. 12 sí 11. Ọmọ ọdún méjìlá wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tó ta ilẹ̀ ẹbí. Títí dòní, kò tíì tó ohun tí wọ́n ń fẹnu tọrọ àforíjì rẹ̀.

Ti ọdún 2010, ìyàwó mi ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ọjọ́ àyájọ́ àwọn ìyá, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún. Èèyàn 12,228 péré ló wà níbẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù kan, Dallas Braden, tí àrùn jẹjẹrẹ ti pa ìyá rẹ̀ nígbà tó wà níléèwé girama, tí ìyá àgbà rẹ̀ sì gbà tọ́, ju bọ́ọ̀lù fún ará Tampa Bay 27. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wá, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n padà, ẹnì kan ò fẹsẹ̀ kan bésì kìíní. Nígbà tó parí, ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ wọ pápá, ó dì mọ́ ọn. Ìyàwó mi, tí kì í wo bọ́ọ̀lù, tó gbé ìwé ìròyìn dání wá, ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún ní ìlà tiwa.

Bàbá kú ní ọdún 2011. Mo lọ sílé lọ sin ín, mo bu yẹ̀pẹ̀ dà sí i bí àṣà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, àbúrò mi obìnrin bi mí léèrè kékeré kan. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, kí ni Bàbá máa ń gbá lára fóònù tẹ́ ẹ bá pè?" Mo ṣàlàyé bọ́ọ̀lù onígi fún un, àti Rickey, àti àtẹ́wọ́. Mo ní wálé, ẹ wálé ló túmọ̀ sí, eré òun àti Àjàní ni. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé yìí. Ẹ̀yin ni Bàbá ń pè."

Ọdún 24 ni mo ti lò ní Oakland nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ sílé nínú rẹ̀.

Nítorí náà nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn A's ń lọ, mo ní ohùn méjì nínú. Warriors, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ti kọjá sí San Francisco lọ́dún 2019. Raiders ti lọ sí Las Vegas lọ́dún 2020. Ìlú tó ní ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta ti ku ọ̀kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ẹgbẹ́ náà kéde pé àwọn ti rí ilẹ̀ ní Las Vegas. Ní oṣù kọkànlá, gbogbo àwọn tó ni ẹgbẹ́ ní líìgì fọwọ́ sí i. Èmi gbà pé ìwà àìtọ́ ni. Ọ̀dọ̀ aráàlú ni wọ́n ti kọ́ pápá, ọ̀dọ̀ aráàlú ni wọ́n ti rí orúkọ, aráàlú ò sì ní ìbò kankan níbẹ̀. Wọn á ní èrò ò wá mọ́. Ẹni tó ta gbogbo agbábọ́ọ̀lù gidi, tó tún fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì, ta ló yẹ kó wá? Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ fúnra wọn ṣètò pé ká kún pápá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán, ká fi hàn pé a wà. A jẹ́ 27,759. A wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ "SELL" sí láyà: tà á, jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á. A's borí ní 2 sí 1. Kò yí nǹkan kan padà.

Mo ń sọ gbogbo èyí fún Àjàní lórí fóònù, mo ń bínú, mo ń pè wọ́n ní aláìmoore. Houston ló ń gbé báyìí. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní, "Dádì, nígbà tẹ́ ẹ kúrò l'Ábẹ́òkúta, ta lẹ fi ìbò lọ̀?"

Ọmọ tí mo fi owó tíkẹ́ẹ̀tì mi tọ́ nìyẹn.

Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá fún ìdíje ìkẹyìn, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀sán ni eré bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 46,889, kò sí àyè ẹsẹ̀ lórí afárá. Obìnrin tó ń dín sọ́sééjì wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Rickey àti Dave Stewart, ajùbọ́ọ̀lù A's nígbà kan, ọmọ Oakland méjèèjì, ló ju bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀. Rickey rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ọdún yẹn ló kú, ó ku ọjọ́ márùn-ún kó pé ẹni ọdún 66. Lójú tèmi, ó dúró jí bésì pápá yẹn kó tó lọ ni.

A's borí Texas Rangers, 3 sí 2. Kò sẹ́ni tó dìde kó máa lọ. Èmi tí mo máa ń sáré bá ọkọ̀, ọjọ́ yẹn mi ò mira. Kooṣi wọn, Mark Kotsay, gba makirofóònù, ó dúpẹ́, ó sì ní ká pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: Let's go, Oakland. Gbogbo pápá dáhùn, àwọn onílù lápá ọ̀tún dáhùn. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pẹ̀lú ọwọ́ kékeré: "Wálé! Ẹ wálé!" Àbẹ̀kẹ́ ni. Mo wo bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bó ṣe máa ń wẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti wọ bàfù, ó di dandan." Ọmọ tí kò rí Abẹ́òkúta rí, tí kò rí Rickey tó jí bésì rí, inú bàfù ní Houston ló ti ń fi omi lu ohùn bàbá mi.

Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń tọ́jú koríko bẹ̀rẹ̀ sí í bu erùpẹ̀ pápá fún àwọn èèyàn. Àgbàlagbà ń gbé ife ọtí sílẹ̀ kí wọ́n bu sí i. Ó ṣe mí ní kàyéfì. Níbi ìsìnkú tiwa, dídà la máa ń da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ ká tó lọ. Tibí, kíkó ni wọ́n ń kó o lọ. Àbẹ̀kẹ́ na ife ṣúgà tútù rẹ̀, wọ́n bu ún kún. Nínú ọkọ̀ BART, ó gbé e lé itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó ní kó má bàa fò lọ.

Láti ọdún 2025, West Sacramento ni A's ti ń ṣeré, nínú pápá kékeré kan, wọn ò sì so orúkọ ìlú kankan mọ́ orúkọ ara wọn. Athletics lásán. Wọ́n ní ó dìgbà tí ti Las Vegas bá parí. Wọ́n pè mí pé kí n wá, kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Mi ò tíì lọ. Ìyàwó mi ní mo máa lọ. Ó ṣeé ṣe.

Èmi pẹ̀lú ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kan, ti ọkọ̀ òfuurufú ni. Èmi, Àjàní àti Àbẹ̀kẹ́, oṣù kejìlá, Èkó, ká tó mórí lé Abẹ́òkúta. Àbúrò mi ti kun ilé.

Ife náà rèé. Wọ́n gbà mí láyè kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n oní nǹkan ló jókòó sọ́wọ́ òsì yẹn tó ń wò mí. Ẹ máa gbé e fún ara yín, ẹ gbóòórùn rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má fi ìka ro ó. Ìdajì rẹ̀ la máa gbé dání lóṣù kejìlá. Àbẹ̀kẹ́ ti sọ ibi tó máa dà á sí.